Ṣé dandan ni ká máa pa iná gbogbo ẹsíteètì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta torí sáfíìsì? (Lugbe, Àbújá)

Wáyà_Lugbe

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ooru. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti sú mi.

Ẹsíteètì kan lọ́nà Lugbe níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ọmọkùnrin méjì péré la wà nídìí iná. Tíráńsífọ́mà 6 la ní, mẹ́rin jẹ́ 500kVA, méjì jẹ́ 300kVA, 11kV sí 415V ni gbogbo ẹ̀, àwọn onílé ló dáwó rà á. Fídà pílà (àpótí irin tó ń pín iná láti tíráńsífọ́mà lọ sí àwọn ilé) tó wà lábẹ́ wọn jẹ́ 22. Band A la wà láti April 2024, iná ń tó wákàtí 20 lójúmọ́, ìyẹn ni pé tíráńsífọ́mà tó máa ń rójú sinmi tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ò rójú sinmi mọ́, AC ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, àwọn aráalé ò sì fẹ́ gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́.

Lọ́dún tó kọjá kébù kan jó lóru Sátidé, ọjọ́ méjì la fi wà lókùnkùn. Látìgbà yẹn ni ìgbìmọ̀ ti ṣòfin pé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ká máa pa iná látàárọ̀ dalẹ́, ká tú gbogbo pílà, ká fún gbogbo nọ́ọ̀tì, ká nù ún, ká dé e padà. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ kejì tá a ṣe é tán ni fíúùsì pílà 9 bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) dẹ̀ ní pílà 14, fíríìsà àti tẹlifíṣọ̀n ilé mẹ́rin ló bá a lọ, wọ́n fẹ́ẹ̀ lù wá. Àwa náà la sì tú u o! Pílà tá ò bá ti fọwọ́ kàn, bóyá títí di òní kò ní ṣe nǹkan kan.

Ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńtírákítọ̀ ní ká lọ ra thermal camera (kámẹ́rà tó ń fi ooru hàn). Òmíràn ní òun máa sẹ́ ọ́ọ̀lì tíráńsífọ́mà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, owó tó sì pè, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ìbéèrè mi ni pé èwo ló yẹ ká máa tú, èwo ló yẹ ká máa fojú wò lásán, ìgbà wo la sì máa ṣe é nígbà tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta la jẹ́?

---

Bàbá_Ọ̀pó

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kàdúná ni mo wà, mo ti fẹ̀yìntì. Nídìí iná ni mo ti dàgbà, látìgbà tó ṣì ń jẹ́ NẸ́PÀ, ó di PHCN lójú mi, wọ́n fà á lé àwọn kọ́ńpìnnì aládàáni lọ́wọ́ ní November 2013, mo wà níbẹ̀. N tó ṣe yín yẹn, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti rí i.

Ẹ dà bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tó ń ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín wò ní gbogbo ìṣẹ́jú, tó tún wá ń bínú pé kò jinná. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi torque spanner (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó) dé bó ṣe yẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀, tí wọ́ṣà ẹ̀ pé, kò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ máa wá fún òun. Tẹ́ ẹ bá ń fún un ṣáá, bóòtù á nà, lọ́ọ̀gì aliminíọ̀mù (irin ẹnu wáyà tí bóòtù ń gbà kọjá) á tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní lè di ara ẹ̀ mú mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú bàálù ti rí irú èyí tipẹ́. Ní 1978 ni ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ara bàálù kì í bàjẹ́ torí pé ó gbó, pé ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sí tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u tò ni ewu ẹ̀ ń pọ̀. Pílà 9 àti 14 yín náà nìyẹn.

Ká ní èmi ni ọ̀gá níbẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ kó sípánà sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ mú ìwé àti bírò. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹnì kan rìn yíká tíráńsífọ́mà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kó wo ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ bóyá ọ́ọ̀lì ń kán, kó wo búṣìnì (ọrùn tángaran tí iná ń gbà wọlé jáde) bóyá ó ti sán, kó wo koríko. Koríko yẹn ṣe pàtàkì, tó bá di January tí wọ́n ń sun igbó, iná igbó ò mọ tíráńsífọ́mà yàtọ̀ sí èèbù iṣu. Tó bá ní bírídà (ibi tí tíráńsífọ́mà ń gbà mí), kó wo silica gel inú ẹ̀, èyí tó jẹ́ búlúù, tó bá ti di pínkì, ó ti mu omi yó nìyẹn, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ewé ló máa ń yí sí. Tó bá wá jẹ́ irú tí wọ́n dé pa pátápátá láti ilé iṣẹ́, kò ní bírídà, ẹ má sì dán an wò láti ṣí i.

Kó dúró kó tún tẹ́tí. Gbogbo tíráńsífọ́mà ló ń kùn, ohùn kan náà ni láàárọ̀ lálẹ́, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ nǹkan tó ń ta ṣàà-ṣàà bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹ̀pà, ẹ ti rí iṣẹ́ nìyẹn.

Aago ooru ọ́ọ̀lì ńkọ́? Tó bá wà lára tiyín, ọwọ́ méjì lẹ máa rí níbẹ̀. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe gbóná tó báyìí, ọ̀kan pupa, ìyẹn kì í dá padà fúnra ẹ̀, ibi tó gbóná dé jù látìgbà tẹ́ ẹ ti dá a padà ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á débẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n á ka ọwọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ara ẹ̀ tutù. Báwo ló ṣe máa gbóná láago mẹ́wàá nígbà tí gbogbo aráalé ti lọ síbi iṣẹ́? Ọwọ́ pupa ni kẹ́ ẹ kà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá a padà kó lè bá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láago mẹ́jọ alẹ́, ẹ fi clamp meter (mítà tí wọ́n ń fi há wáyà láti wọn àńpíà) wọn lóòdù. 500kVA ní 415V, nǹkan bíi àńpíà 695 ló gbà lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá rí red 640, yellow 300, blue 210, ẹ má fún nọ́ọ̀tì kankan, pínpín lẹ ò pín in dáadáa. Irú lóòdù bẹ́ẹ̀, neutral yín á máa gbé tó àńpíà 390 tí gbogbo lóòdù bá jẹ́ irú kan náà, ẹ sì ti rí n tí neutral ń ṣe tó bá dẹ̀. Fésì tí lóòdù ẹ̀ kéré jù ni fólítéèjì ẹ̀ ń gòkè, 230 á di 300 lọ sókè, fíríìsà á sọ pé ó dìgbòóṣe.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo lè bá ìgbìmọ̀ yín fọwọ́ sí pé kẹ́ ẹ pa iná lódindi. Ọyẹ́ ìhín kì í ṣe ọyẹ́ Ìbàdàn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti November títí wọ February, eruku á bo gbogbo ínsúlétọ̀ (ohun tí kì í jẹ́ kí iná kan irin). Tó bá gbẹ, kò ṣe nǹkan. Òjò ńlá náà ò burú, á fọ̀ ọ́ dànù. Òjò wínníwínní àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó máa ń yọjú ní March sí April, ló ń sọ eruku di ẹrẹ̀, iná á wá máa gba orí ẹrẹ̀ yẹn rìn títí á fi fò lọ sára irin. Ìparí February sí ìbẹ̀rẹ̀ March ni kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ tọ́jú n tí ìwé yín bá ti sọ pé kẹ́ ẹ tọ́jú. Èyí tí ìwé ò bá sọ, ẹ fi í sílẹ̀.

---

Àǹtí_Kámẹ́rà

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ pẹ́ fún wa. Èmi kàn fẹ́ sọ ti thermal camera torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Wuse níbí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Wáyà, ẹ má tíì rà á o. Ẹ háyà ẹni tó ní i tó sì mọ̀ ọ́n lò, alẹ́ kan tàbí méjì lọ́dún ti tó yín. Ìlànà NFPA 70B ti àwọn ará Amẹ́ríkà lórí títọ́jú ohun èlò iná, èyí tí wọ́n sọ di dandan ní 2023 (ìmọ̀ràn lásán ló jẹ́ tẹ́lẹ̀), ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ní ká yà á, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún èyí tí ara ẹ̀ ò bá yá. Òfin wọn ò dè wá ṣùgbọ́n ó dáa ká fi wọn ti ara wa wò.

Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, láàárín aago 8 sí 10. Ìdí kìíní, oòrùn Àbújá á ti se ilẹ̀kùn irin pílà látàárọ̀, tẹ́ ẹ bá yà á lọ́sàn-án, oòrùn lẹ yà. Ìdí kejì, ìgbà yẹn ni lóòdù wà. Tí lóòdù ò bá tó 40%, ẹ padà sílé ẹ lọ sùn, torí ooru ojú ibi tó dẹ̀ kì í bá àńpíà gòkè ní ẹsẹ̀ kan náà. Ká sọ pé ojú ibi kan ti dẹ̀ débi tí resistance ẹ̀ fi jẹ́ milliohm 1. Àńpíà 100 bá kọjá níbẹ̀, wáàtì 10 ni ooru ẹ̀. Tó bá di 200, ó di 40. Tó bá di 300, ó di 90. Wáàtì 90 lórí nọ́ọ̀tì tó tó àtàǹpàkò! Ẹ rántí gílóòbù 60 ayé àtijọ́ bó ṣe máa ń jó wa lọ́wọ́ tá a bá fẹ́ yọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rí àwòrán, ẹ má wo iye nìkan, ẹ fi fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn nígbà tí lóòdù wọn bára mu. Tí ọ̀kan bá fi degree 1 sí 3 gbóná ju ìkejì ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá wà láàárín 4 sí 15, ẹ wá àyè tún un ṣe. Tó bá ti ju 15 lọ, ẹ má sùn lé e.

Kọ́pà tó ń dán àti aliminíọ̀mù tuntun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, bí dígí ni wọ́n ṣe rí, ooru ara ẹni tó dúró síwájú ẹ̀ ni kámẹ́rà á máa kà. N tí èmi ń ṣe ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa iná, màá lẹ tape dúdú ti oníná pẹ́nrẹ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí mo fẹ́ máa wò, tape yẹn ni màá máa kà látọdúnmọ́dún. Àwọn ìbọn ooru kékeré tí wọ́n ń tà ní Wuse Market náà, ẹ ṣọ́ra fún un, èyí tí wọ́n kọ 12:1 sí lára, tẹ́ ẹ bá dúró sí mítà 3, ojú tó ń kà ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó ti po ibi tó gbóná pọ̀ mọ́ ibi tó tutù. Nínú pílà ó wúlò díẹ̀. Fún orí ọ̀pó, ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ lápò.

Kámẹ́rà ò sì lè rí inú pílà tí ilẹ̀kùn ẹ̀ bá tì o. Ẹ máa ṣí i pẹ̀lú iná lára ẹ̀ ni, nítorí náà aṣọ iṣẹ́ tí kì í jó, ìbòjú, ìbọ̀wọ́, kí ẹni tó ń ṣí i má dúró síwájú gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni kó wà. Mo ti rí alángbá tó já bọ́ sórí busbar (ọ̀pá irin tó ń gbé iná nínú pílà) torí pé ẹnì kan ja ilẹ̀kùn ṣí fàà.

---

Kubwa_Ọmọ_Ọ̀yọ́

Ẹ má bínú sí mi o ẹ̀yin àgbà, mo gbà pẹ̀lú yín ní ìdajì, ìdajì yòókù mi ò gbà. Tẹ́ ẹ bá ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á fi ṣe àwáwí láti máa sùn ni. Àwọn nǹkan kan wà tí ojú àti kámẹ́rà ò lè rí láéláé. Bíréékà tí kò tíì mira fún ọdún mẹ́ta, gíríìsì inú ẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ àná. Tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà wò ó, ara ẹ̀ á tutù, á dáa lójú. Lọ́jọ́ tí fáútì bá dé ni kò ní lè já, èyí tó wà lókè ẹ̀ lá wá já, gbogbo ẹsíteètì á ṣókùnkùn dípò òpópónà kan. Irú ìyẹn, kàlẹ́ńdà ló máa gbà á, lọ́jọ́ ìpaná February yẹn, ẹ ṣí i, ẹ tì í, bíi ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, RMU àti isolator (àwọn ṣíwíìṣì ojú 11kV) náà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá láṣẹ lórí 11kV ni kó ṣe ti òkè o.

Ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀lì, ẹni tó ní òun máa sẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìtíì yẹ ìkankan wò, ẹ sọ fún un pé kó rọra. Ẹ gbé sáḿpù lọ fún àyẹ̀wò BDV (iye fólítéèjì tí ọ́ọ̀lì lè gbà kí iná tó fò kọjá nínú ẹ̀) ná. Fún tíráńsífọ́mà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní irú fólítéèjì tiyín, tó bá ti ju 40kV lọ, ara ẹ̀ dá. 30 sí 40, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ, ẹ jẹ́ kó wá sẹ́ ìyẹn nìkan. Ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ lẹ máa lò, kì í ṣe ìgò ragolis tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ kọ́kọ́ ṣàn dànù látẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, ẹ má sì gbà á nínú òjò tàbí nígbà tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé eruku kiri. Omi tíńtínní ló ń ba èsì jẹ́, owó ọ́ọ̀lì lẹ máa wá san torí ìgò.

Earth náà (irin tó so iná mọ́ ilẹ̀). Mo wọn ọ̀kan fún oníbàárà kan ní Gwarinpa ní August, ó fún mi ní ohm 2, inú wa dùn. Mo padà lọ ní February, ibi kan náà, mítà kan náà, 9. Ilẹ̀ ti gbẹ, àpáta ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá wọn earth nígbà òjò nílùú yìí ara ẹ̀ ló ń tàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Fíúùsì ńkọ́, ẹ ti ṣí i wò? Mo fi owó mi tẹ́tẹ́ pé nínú pílà 22 yẹn, ẹ ò ní ṣàìrí ibi tí ẹnì kan ti fi wáyà kọ́pà dípò fíúùsì lálẹ́ ọjọ́ kan "kí ilẹ̀ tó mọ́", tí ilẹ̀ sì ti mọ́ láti ọdún mẹ́rin.

---

Suleja_Boy

Àwa ní tiwa ò níṣòro sáfíìsì o, kò sí iná tá a fẹ́ pa 😂 Ẹ bá mi kí Band A.

---

Wáyà_Lugbe

@Kubwa ẹ ti jẹ tẹ́tẹ́, mẹ́ta ni. Ìtìjú bá mi. Mo ti yọ gbogbo ẹ̀, mo ti ra fíúùsì HRC tó yẹ.

Bàbá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ ṣé gan-an. N tó kù tó ń dà mí láàmú ni pé pílà 22 ti pọ̀ jù fún ọjọ́ kan February yẹn. Tá a bá máa tú bíi márùn-ún, báwo la ṣe máa mọ márùn-ún wo? Alága wa, báǹkà ni, kò fẹ́ gbọ́ "mo rò pé", ó ní kí n mú iye wá.

---

Bàbá_Ọ̀pó

Ọ̀rọ̀ Kubwa nípa bíréékà, ó tọ̀nà, mo gbà. Àgbà ni mí, n tí kò lè mira mo mọ̀ ọ́n.

Iye tí alága ń wá ò le. Fún pílà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé tí èyí bá kú lóru òní, ta ló máa sunkún? Ẹ fún un ní 1 sí 3. Ilé mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó sí, 1. Èyí tó ń gbé pọ́ǹpù omi gbogbo ẹsíteètì tàbí kílíníìkì, 3. Lẹ́yìn náà ẹ wo ara ẹ̀ nínú ìwé yín, lóòdù ẹ̀, ooru ẹ̀, iye ìgbà tó ti yọ yín lẹ́nu, ilẹ̀kùn ẹ̀ bóyá ó ń tì tàbí bóyá ekútélé àti alángbá ti ń gba ẹnu kébù wọlé, ẹ tún fún un ní 1 sí 3. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀. Èyí tó bá jẹ́ 9 tàbí 6, ẹ tú u ní February, tàbí kíá tí kámẹ́rà bá ní kó má dúró. 4 àti 3, ẹ máa wò ó. 2 àti 1, kẹ́ ẹ máa kí i tẹ́ ẹ bá ń kọjá ti tó. Lọ́dọọdún kẹ́ ẹ tún un kà, torí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lónìí, tó bá di ọ̀la ẹnì kan á kó wá tòun ti AC márùn-ún.

Kẹ́ ẹ tún wo n tó wà ní sítọ́ọ̀ yín. Lọ́ọ̀gì, fíúùsì, joint kit (ohun tí wọ́n fi ń so kébù tó já), kébù díẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lóru Sátidé ọjọ́ yẹn, ṣebí joint kit lẹ wá títí di Monday?

---

Àǹtí_Kámẹ́rà

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú èyíkéyìí: pípa switch nìkan ò tó. Lugbe lẹ wà, gbogbo ilé ló ní jẹnẹrétọ̀, ìdajì ti ra solar àti inverter. Tí ẹnì kan bá wà tí changeover ẹ̀ ò pé, iná ẹ̀ á gba orí wáyà padà wá bá yín. Tó bá wá jẹ́ ìdí tíráńsífọ́mà lẹ wà, 415 tó wọlé látìsàlẹ̀, 11,000 ló ń gbà jáde lókè. Ẹ pa á, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi tester wò ó, kẹ́ ẹ tún fi tester yẹn wo ibi tó níná kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé tester ò kú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ de earth mọ́ ọn lójú méjèèjì. Ojú 11kV, láìsí permit látọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì iná, ẹ má dé ìdí ẹ̀.

---

Wáyà_Lugbe

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rè é. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Ìgbìmọ̀ gbà. Alága rí tábìlì 1 sí 9 yẹn, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa rí èèyàn iná tó mú ìwé wá. A háyà kámẹ́rà lálẹ́ kan, wákàtí mẹ́ta la fi yí gbogbo pílà 22 àti tíráńsífọ́mà 6 ká. Mọ́kàndínlógún ara wọn dá, ẹ ò ní gbàgbọ́, àwọn tá a ti ń tú látọdún yìí tí kò sí n tó ṣe wọ́n. Méjì ní ìyàtọ̀ degree 6 àti 8, mo ti kọ wọ́n sílẹ̀ de February.

Ẹ̀kẹta ni pílà 17, tó ń gbé pọ́ǹpù omi. Red 38, blue 40, yellow 71. Lóòdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jìnnà síra, àńpíà 230 sí 240. Lójú kámẹ́rà, lọ́ọ̀gì yellow funfun báláú láàárín àwọn tó kù bí ẹyin inú ìṣáàsùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a pa pílà yẹn nìkan, a tẹ̀ lé gbogbo n tí Àǹtí kọ. Nígbà tí mo yọ nọ́ọ̀tì, spring washer ò sí níbẹ̀. Ìdí lọ́ọ̀gì ti dúdú, ẹnu wáyà ti le gbirigbiri, ike ara ẹ̀ tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta ti yọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kàn dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tú eruku àti ìgbẹ́ alángbá nísàlẹ̀ pílà, ó sì mú washer jáde. Ó ní nígbà tá a tú u ní oṣù yẹn ló bọ́ lọ́wọ́ òun, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ti ń pariwo pé kí wọ́n yára kí àwọn aráalé má bàa bínú. Mi ò lè bá a wí. A gé lọ́ọ̀gì yẹn dànù, a fi bimetal tuntun (lọ́ọ̀gì tó jẹ́ aliminíọ̀mù lápá kan, kọ́pà lápá kejì) sí i torí aliminíọ̀mù lórí kọ́pà ni, a fi torque spanner dé e, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni gbogbo ẹ̀. Àwọn aráalé ò tiẹ̀ mọ̀ pé a pa nǹkan kan.

---

Bàbá_Ọ̀pó

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti padà lọ wò ó láago mẹ́jọ alẹ́? Lọ́ọ̀gì tuntun náà lè má dáa o. Ọwọ́ pupa ara aago ooru tíráńsífọ́mà tó ń gbé pílà yẹn ńkọ́, ẹ dá a padà?

---

Wáyà_Lugbe

Ti lọ́ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni sà, Àǹtí wá fúnra wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní 39 sí 41.

Ti ọwọ́ pupa... Bàbá ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Mò ń wá tọ́ọ̀ṣì mi báyìí.